Irun wẹ́wẹ́ tó ń yún mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ọ̀kún o. Èmi tí mo bèèrè láti Kàbà níjọ́sí pé kí ni mo lè ṣe sí irun wẹ́wẹ́ tí mo dì tó ń yún mi bíi kí n họ awọ orí bó, èmi náà ni mo padà wá. Mo ti tú u, iwájú orí mi ò sì pá.

Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ gbà mí, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó sọ pé awọ orí ni kí n fọ̀, kì í ṣe irun. Mo po ṣáńpù díẹ̀ mọ́ omi nínú ike tí mo lu ìdérí rẹ̀, mo ń fún un sójú ìlà, mo ń fi ọmọ ìka ra á, mo wá fi omi ṣàn án títí ìfóòfó fi tán. Ọyẹ́ ń jà, mo fi òrí díẹ̀ pa etí irun. Ẹni tó ní kí n fi kẹrosíìnì sí i, ẹ ṣeun, mi ò dán an wò.

Nígbà tí mò ń tú u, ìyá mi figbe ta nítorí irun tó kún òòyà. Irun bíi 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí ènìyàn lójúmọ́. Gbogbo èyí tó ti ń bọ́ látọjọ́ tí mo ti dirun, inú dídì ló há sí. Èyí tó ní kókó funfun nídìí, àsìkò tó yẹ kó bọ́ ló tó.

Mo máa fi omi àti fínígà ṣan àtàṣọ́mẹ́ǹtì, irun tí wọ́n ń fi kún tẹni, kí n tó tún dì. Onídìrí mi ní òun ò ní fà á le níwájú mọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lórí. Kó má pẹ́ náà.