Iyọ̀ tí wọ́n fi wẹ̀ wá lọ́dún 2014, àti kóòdù tí màmá mi fi ránṣẹ́

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ṣé ẹ rántí ìgbà Ẹ́bólà? July 2014 ni Patrick Sawyer, ọkùnrin ará Liberia kan, gbé e wọ Èkó, nígbà tó fi máa di August ẹ̀rù ti ń ba gbogbo èèyàn. Lóru ọjọ́ kan fóònù màmá mi ń dún ṣáá, àǹtí wa ló ń pè, wọ́n ní ká dìde kíákíá ká fi iyọ̀ àti omi gbígbóná wẹ̀ ká sì mu lára ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Ẹ́bólà ò ní lè ràn wá. Ta ló máa bi àǹtí wa pé níbo lẹ ti gbọ́ ọ? Màmá mi jí gbogbo ilé, wọ́n da iyọ̀ sí garawa, àbúrò mi ń ké pé ó ń ta òun lójú, èmi mu ife kan mo bì í. Bàbá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ife méjì ni wọ́n mu o! Ọlọ́run ló yọ wá. Ní August 15 WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ síta pé ó kéré tán èèyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí àǹtí wa pè wá, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Àwọn olè náà ti wá mọ ojú ọ̀nà yẹn. Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà díákónì ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi ló kọ̀wé sí wọn pé owó ìrànwọ́ ìjọba ti jáde, nọ́ńbà 6 kan máa wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́. Wọn ò mọ̀ pé olè ti gba WhatsApp díákónì láti àárọ̀, àti pé nọ́ńbà 6 yẹn ni kóòdù tí wọ́n fi ń wọ WhatsApp tiwọn. Kò pẹ́, tiwọn náà lọ, olè ń fi tọrọ ₦80,000 káàkiri ẹbí, ẹ̀gbọ́n wọn ti fi ránṣẹ́ kí àṣírí tó tú. Àbúrò bàbá mi ló fura. Àtìgbà tí màmá mi ti wọlé bí ìyàwó, Àkọ́wé ni màmá mi ń pe àbúrò bàbá mi yìí, wọn ò pe orúkọ wọn rí, olè yìí wá pe orúkọ tó rí lórí profáìlì. Àkọ́wé bá pe màmá mi lórí láìnì.

Mo tún fi nọ́ńbà màmá mi wọ WhatsApp, kóòdù tuntun wá lórí SMS, olè jáde. Ká ní ó ti fi PIN two-step verification tiẹ̀ sí i ni, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí èèyàn máa ń yàn fúnra ẹ̀ lórí WhatsApp, ọjọ́ 7 la ò bá fi dúró. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ fi PIN yẹn sí tiyín lálẹ́ yìí, ẹ bá àwọn màmá yín ṣe é.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Tèmi fídíò ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà, mo ń wọn ẹ̀wà fún kọ́sítọ́mà, àbúrò mi pè láti London ó ń sunkún pé ọjà Bódìjà ń jóná. Fídíò tó rí ní gúrúùpù WhatsApp kan ní ọfà méjì tí WhatsApp máa ń fi sí ohun tí wọ́n bá ti fọ́wáàdù káàkiri. Mo fi àwòrán kan nínú ẹ̀ wá a lórí Google Lens, tó máa ń fi àwòrán wá ibi tó ti jáde, ọjà orílẹ̀-èdè míì ni, ó ti pẹ́. Mo jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù mo ṣe fídíò tèmi, mo fi sí gúrúùpù náà. Ẹnì kan ṣì ní ẹ̀yìn ọjà ló ti ń jó. Mo rìn débẹ̀, mo tún ṣe òmíì.