Bọ́tìnnì ń yọ jáde lára súwẹ́tà tí mo fọwọ́ hun fún màmá mi, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Ìgbógbò:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa níìtì ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń hun súwẹ́tà kan fún màmá mi, kì í ṣe ti ẹ̀rọ o, abẹ́rẹ́ méjì lásán, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó tì í, tí wọ́n bá mú iná lọ màá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi máa ka ojú ẹ̀, ìyẹn àwọn ìkọ́ òwú orí abẹ́rẹ́. Màmá ń lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nínú oṣù Kejìlá, ẹ sì mọ̀ pé òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa ní Ìkòròdú níbí.

Ẹ̀yìn ti parí, iwájú ti parí, apá méjèèjì ti parí, mo ti rán gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo ti fi ìdí òwú pamọ́ sínú, ó wá ku bọ́tìnnì. Ìka màmá mi ti ń le, wọn ò lè di bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ mú mọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ lọ́kàn mi pé ńlá ni màá lò, mìlímítà 24. Òwú tí mo lò, ojú 20 ló ń wọ sẹ̀ǹtímítà 10, mo bá pa ojú 4 fún ihò kọ̀ọ̀kan, mo tún dá ojú 4 padà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ihò méje. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Mo wá rán àbúrò mi sọ́jà, mo ní kó ra nọ́ńbà 24, mẹ́jọ, kí ọ̀kan wà nílẹ̀ tí ọ̀kan bá já. Ó mú un dé, wọ́n kọ 24 gbàgàdà sára ọ̀rá ẹ̀, àmọ́ bọ́tìnnì yìí kéré! Mo ṣáà rán an bẹ́ẹ̀, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Màmá wọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú bàtà wọn, pẹ́ẹ́ pẹ́ẹ́ pẹ́ẹ́, mẹ́rin ti yọ jáde. Àbúrò mi ní 24 ni mo ní kóun rà, 24 náà lòun rà, ìyá tó tà á fún un ní òun ò gbà á padà.

Ṣé kí n tú etí iwájú tí ihò wà yẹn ni àbí kí n fún ihò náà pọ̀? Ẹ má sọ pé kí n fi síìpù sí i o, wọn ò fẹ́ síìpù.

Ìyá Bèjì Ẹbúté:

Pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò ní tú nǹkan kan jàre, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin! Mú òwú aláwọ̀ kan náà, fi rán igun ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè fún. Mo ṣe é sí kádígàànì ilé ìwé ọmọ mi, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Ó tán.

Alábọ́tìnnì:

Ẹ má dá ìyá ọlọ́jà lẹ́bi, ẹ má sì bá àbúrò yín jà. Mo ti ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ó ti pẹ́, ẹjọ́ yìí la máa ń dá lójoojúmọ́. 24 tẹ́ ẹ rí lára ọ̀rá yẹn kì í ṣe mìlímítà rárá, ẹ wò ó dáadáa, ẹ lè rí L lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láínì ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń wọn bọ́tìnnì láti ayébáyé. Láínì 40 ló pé íǹṣì kan, tó túmọ̀ sí pé láínì kan kàn fi díẹ̀ lé ní ààbọ̀ mìlímítà ni. 24 yín wá di mìlímítà 15. Ti iwájú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, 18 ni, nǹkan bíi mìlímítà 11. Láínì 28 jẹ́ mìlímítà 18, 32 jẹ́ 20, 36 jẹ́ 23, 40 jẹ́ 25.

Èyí tẹ́ ẹ ń wá, 36 ni. Ihò ojú 4 lórí òwú yín á tó mìlímítà 20, níìtì sì máa ń fà, 36 á bá a jà díẹ̀ kó tó wọlé, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bọ́tìnnì tó bá wọ ihò níìtì láìjà, láìjà náà ló máa jáde. Ẹ má tú nǹkan kan.

Ìyá Bèjì, ẹ má bínú sí mi o, fífún ihò á ṣiṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé, àmọ́ ẹni tí ìka ẹ̀ le, kẹ́ ẹ wá fún un ní bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ nínú ihò tó fún pinpin, ìyà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú súwẹ́tà yẹn dání, ẹ má fi fọ́tò inú fóònù rajà, àwọ̀ inú fóònù kì í jọ ti ojúkorojú. Ẹ má ra onírin, ó wúwo, méje ẹ̀ á fa etí súwẹ́tà wálẹ̀ bí ètè ewúrẹ́. Oníke dára, èyí tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe náà dára gan-an, ó fúyẹ́, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́. Onígi ò burú àmọ́ ẹni tó bá máa fọ aṣọ náà ò gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ wá fọwọ́ pa ojú ẹ̀ wò, èyí tí etí ẹ̀ ga yíká bí àwo ni ìka tó le máa rí dì mú, èyí tó rí pẹrẹsẹ tó ń dán yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀dọ́.

Ìyá Bèjì Ẹbúté:

Háà, láínì! Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń rajà yìí, nọ́ńbà bàtà ni mo máa ń fi í wé. Mo gba tiyín o.

Bọ̀dá Télọ̀ Sábó:

Àdùkẹ́ o kú iṣẹ́ ọwọ́. Òótọ́ ni alábọ́tìnnì sọ, àmọ́ wàhálà ò tíì tán. Nígbà tó o ń ṣa ojú fún etí iwájú, mélòó lo ṣà? Nínú ìlà mẹ́rin, ojú mẹ́ta ni wàá ṣà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń jókòó. Tó o bá ṣa ojú kan fún ìlà kan, etí á máa jó bí etí ìró, tó bá kéré jù á ká iwájú sókè. Tó bá ti rí dáadáa, fi í sílẹ̀.

Ibi tó o máa rán bọ́tìnnì sí, má fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tẹ́ súwẹ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì, pa etí méjèèjì dé ara wọn, fi pínnì gún inú ihò kọ̀ọ̀kan lọ sí abẹ́, ibi tí pínnì bá dé ni bọ́tìnnì ń gbé. Ra ríbọ́ọ̀nù tó nípọn, tó fẹ̀ tó etí yẹn, fọ̀ ọ́ ná kó má bàa sún kì lẹ́yìn tó o bá ti rán an tán, kó o wá rán an sí inú, lẹ́yìn ibi tí bọ́tìnnì máa wà. Níìtì nìkan ò lágbára tó, bọ́tìnnì á fà á yọ bí ẹni fa ewé. Tí o ò bá rí ríbọ́ọ̀nù, bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn, ńlá níwájú, kí òwú kan náà gba inú méjèèjì kọjá. Ẹ rí i, ọ̀kan nínú 24 yẹn ti rí iṣẹ́.

Òwú ìránṣọ ni kó o lò, má lo òwú níìtì. Fi igi ìṣáná kan sáàárín bọ́tìnnì àti aṣọ, rán an lórí ẹ̀, yọ igi, kó o wá yí òwú ká ọrùn ẹ̀ bí ìgbà mẹ́rin kó o tó so ó. Súwẹ́tà nípọn, tí bọ́tìnnì ò bá lọ́rùn, etí ò ní ráyè jókòó lábẹ́ ẹ̀.

Jọ̀ọ́, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Gé òwú díẹ̀ kó o fi iná sun ún, tó bá rùn bí irun tó jóná, irun àgùntàn gidi ni, tó bá yọ́ tó di kókó líle, ó ní ike nínú, áyọ́ọ̀nù á bà á jẹ́ láìní àtúnṣe. Rẹ ẹ́ sómi, fi tówẹ̀lì fún un, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:

Mo kí yín o. Ìbéèrè kan: ọwọ́ wo ló ń dun màmá jù?

Àdùkẹ́ Ìgbógbò:

Ọwọ́ òsì mà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Súwẹ́tà obìnrin, apá ọ̀tún ni ihò máa ń wà, bọ́tìnnì wà ní òsì, ọwọ́ òsì ló ń tì í wọlé, ọwọ́ tó ń dùn wọ́n gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì hun etí ni, mi ì bá ní kẹ́ ẹ ṣe é bíi tọkùnrin, ta ló máa bi wọ́n ní Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó ti tán. Ẹ rán ẹyọ kan péré ná, kí màmá tì í wọlé kí wọ́n sì yọ ọ́, kẹ́ ẹ tó jókòó ti mẹ́fà yòókù. Mẹ́ta ìsàlẹ̀, ẹ lè jẹ́ kó wà ní títì nígbà gbogbo, níìtì máa ń fà, wọ́n á gbà á wọ̀ láti orí.

Àdùkẹ́ Ìgbógbò:

Ẹ ṣé ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti lọ fúnra mi, mo mú màmá dání. Aró ni súwẹ́tà náà, mo bá ra 36 aláwọ̀ aró tó bá a mu gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ara kan náà ni wọ́n, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí màmá ní àwọn ò rí i. Mo ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó bá a mu. Wọ́n ní "Àdùkẹ́, aró lórí aró, ní ìdájí, ibo lo fẹ́ kí ojú mi bá a?" Mi ò ro ìyẹn rí, ìka ni mo ń bá kiri, mo gbàgbé ojú. Funfun oníke ni wọ́n mú, ti etí ẹ̀ ga yẹn, èmi ì bá má mú un láyé. Mo rán ẹyọ kan bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ó bá wọn jà díẹ̀, ó wọlé. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún tì í. Ọjọ́ kejì ni mo rán mẹ́fà tó kù, ríbọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn, igi ìṣáná wà lábẹ́ nígbà tí mo ń rán an.

Aró 36 yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo lè fi hun tèmi. 24 mẹ́jọ ló kù tí mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe. Ẹni tó bá ń hun ti ọmọdé kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Bèjì Ẹbúté:

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i o, ẹ má fún ẹlòmíì. Méjì ni mò ń hun fún, mẹ́rin mẹ́rin ló kàn wọ́n.