Owó ilé ló ń ṣèdájọ́: ìrírí wa lórí bí ẹgbẹ́ rugby ṣe ń gba agbábọ́ọ̀lù ní Ọsirélíà

Bàbá Tómi, Blacktown (Sydney)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí ìdí tí Tómi ọmọ mi, tó ń gbá rugby, fi gba Townsville lọ, tó fi Sydney tí wọ́n bí i sí sílẹ̀. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí kì í ṣe ilé wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ló fẹ́ ẹ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní Townsville ní àríwá Queensland. Iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì yà mí lẹ́nu. NRL, ìyẹn líìgì àgbà fún rugby league (ẹ̀yà rugby tí agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàlá máa ń gbá), ti fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ lè ná lórí owó agbábọ́ọ̀lù, gbèdéke kan náà ni fún gbogbo wọn, bí ìlú wọn wọ́n bí kò wọ́n. Láti 2023, ẹni tó bá wà lára ọgbọ̀n agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ kì í gbà tó kéré sí $120,000 (dọ́là Ọsirélíà) lọ́dún. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nílé á ní ọmọ náà ti dolówó.

Ìyàwó mi mú bírò. Ó kọ $120,000 sẹ́yìn àpòòwé tí wọ́n fi kó bíìlì iná ránṣẹ́, ó yọ owó orí kúrò, ó ku bíi $91,000. Ó wá bi Tómi pé, "Ibo lẹ máa gbé?" Tómi ti níyàwó, ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n rí nítòsí pápá ìgbaradì, $750 ni lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ o, torí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka owó ilé níbí. Màmá Tómi sọ ọ́ di ti ọdún, ó di $39,000. Ẹ́jẹ́ńtì tó bá Tómi dúnàádúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ò tíì mú tiẹ̀, mọ́tò ò tíì mu epo, wọn ò tíì san owó ibi tí wọ́n ti máa bá wọn mójú tó ọmọ. Ní Townsville, ilé tó tóbi ju ìyẹn lọ, tó ní àgbàlá tí ọmọ lè sá eré nínú ẹ̀, $500 ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ $13,000 lọ́dún. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kan ò ní mọ̀ ọ́n lára. Fún Tómi, òun lowó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ti ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì náà, torí àwa náà rò ó dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún tó wà nínú NRL báyìí, mẹ́sàn-án ló wà ní Sydney àti agbègbè rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní àwọn ò fẹ́ ọ mọ́, o lè rékọjá sí òmíràn kí ọmọ rẹ má kúrò níléèwé, kí ìyàwó rẹ má kúrò níbi iṣẹ́. Ní Townsville, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà. Wọ́n bá tú ọ sílẹ̀, ẹrù ni wàá dì. Ohun tó tán iyàn nílé wa ni pé nọ́ọ̀sì ni ìyàwó Tómi, ilé ìwòsàn ibẹ̀ sì ti gbà á kí Tómi tó fọwọ́ síwèé. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí àwọn èèyàn bá ní ọmọ tó kúrò ní Sydney ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà. Ìfẹ́ ò lè san $750 lọ́sẹ̀.

Ìyá Agbàlejò, Mount Druitt (Sydney)

Bàbá Tómi, ẹ ṣeun. Èmi ò bí agbábọ́ọ̀lù, àmọ́ mo ti bọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kan níbí máa ń wá ìdílé tó máa gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú wá láti New Zealand sílé, wọ́n á máa fún wa lówó oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ erékùṣù Pàsífíìkì àti àwọn Māori fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbábọ́ọ̀lù NRL. Ìwà wọn bá tiwa mu gan-an: wọ́n á gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun, wọ́n mọ àgbà lágbà, bí owó bá sì wọlé, ìyá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí.

Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ Samoa láti Auckland. Ẹyin mẹ́fà ló máa ń dín láàárọ̀, á fọ páànù náà kó tó jáde. Ní alẹ́ Sunday, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, á fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sílé, lẹ́yìn náà ló máa tó pe ìyá ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní àdéhùn kékeré, a jọ jó nínú ilé. Àṣé ìyẹn ló máa lé e lọ. Ẹgbẹ́ ní ó ti dàgbà, ó ti ń gbowó, kí ó lọ wá ilé tirẹ̀. Mo ní kó má lọ, ó ní òun ò lè máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mi, ojú ń ti òun.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ wo ilé ní Saturday. Èrò tò láti ẹnu ọ̀nà dé títì, tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo wọn di fọ́ọ̀mù mú. Onílé fẹ́ kéèyàn gba ilé ọdún kan gbáko, owó ìdúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀. Àdéhùn ọmọ náà máa parí ní òpin oṣù kẹwàá, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Gbogbo ilé tó béèrè ni wọ́n fi fún ẹlòmíràn. Kó tó di ọdún kejì ó ti padà sí Auckland. Àwọn tó mú un wá ti fi aago ka bó ṣe ń sáré, wọ́n ti wọn bó ṣe wúwo tó. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó bi mí ibi tó máa sùn.

Kọ́lá, Perth

Rugby union, ẹ̀yà rugby kejì, lèmi mọ̀ jù, torí iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ni mo ń ṣe fún àwọn tó ń gbá a. Nígbà tí wọ́n ti ẹgbẹ́ rugby union Melbourne Rebels pa ní 2024, ńṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tú ká: Taniela Tupou lọ sí Waratahs ní Sydney, Carter Gordon rékọjá sí rugby league lọ́dọ̀ Gold Coast Titans. Perth níbí kì í wọ́n tẹ́lẹ̀. Báyìí, kéèyàn rí ilé pàápàá di iṣẹ́. Ọ̀kan tí mo tọ́jú orúnkún rẹ̀ sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan ní Japan ti fi ilé sínú àdéhùn òun, òun kàn máa gbé àpótí lọ ni. Ó sì lọ.

Àkàndé, Brisbane

AFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù tí Ọsirélíà dá sílẹ̀ fúnra wọn, ti gbìyànjú àtiṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ owó ilé yìí rí. Wọ́n gba ẹgbẹ́ Sydney Swans láyè láti fi 9.8% kún owó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn nítorí pé Sydney wọ́n. Nígbà tó di 2013, Swans gba gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan, Lance Franklin, fún ọdún mẹ́sàn-án, $10 mílíọ̀nù. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù fárígá, wọ́n ní owó ìrànwọ́ ni Swans fi ń kó gbajúmọ̀ jọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni AFL kéde pé àwọn máa fà á kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fi ìrànwọ́ owó ilé rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kéré. Ibi tí wọ́n parí sí yẹn ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí NRL bẹ̀rẹ̀. Franklin ò nílò ẹni tó máa bá a san owó ilé. Ọmọ Samoa tí Ìyá ń sọ yẹn nílò rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé Queensland náà rọrùn bíi tàná. Ní 2024, iye tí wọ́n ń ta ilé ní Brisbane kọjá ti Melbourne. Perth Bears máa wọ NRL ní 2027, ẹgbẹ́ Papua New Guinea ní 2028, ìjọba ibẹ̀ sì ti ní àwọn ò ní gba owó orí lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Bíi $29,000 tí Màmá Tómi yọ kúrò yẹn, inú àpò ọmọ ló máa wà.

Màmá Díran, Logan

Ẹgbẹ́ kan ní Sydney ti kọ̀wé sí Díran mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Agbàlejò, Mount Druitt (Sydney)

Màmá Díran, ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n máa fi orúkọ ẹ̀ gba ilé. Bó bá jẹ́ orúkọ Díran, ẹ bi wọ́n ẹni tó máa san án bó bá fara pa, tàbí bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ kí ọdún ilé tó pé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé o. Ẹ wo bí ilé ṣe jìnnà sí pápá ìgbaradì pẹ̀lú, torí owó tí wọ́n ń gbà lójú títì M7 kì í ṣe kékeré bó bá di ojoojúmọ́. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ apá ibí ni, ẹ pè mí kí Díran tó fọwọ́ sí ilé kankan.