Rọ́ọ̀gì Baluchi àtijọ́: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ hun lóòótọ́?

Àṣàkẹ́_SE15:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí rọ́ọ̀gì kékeré kan lọ́jà tòkunbọ̀ ní London níbí, pupa tó ṣú díẹ̀, búlúù wà lára ẹ̀, àárín ẹ̀ wá ní àwọ̀ ara ràkúnmí tí wọ́n hun àwòrán igi sí. Bàbá tó ń tà á ní Baluchi ni, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà Baluch pè, ó ní rọ́ọ̀gì náà sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, £150 ló pè é. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ibi tó jẹ́ búráùn dúdú ló ti jẹ wọlé, pupa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ga dáadáa, ṣé kòkòrò ló jẹ ẹ́ ni àbí ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e kó lè jọ ti àtijọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i kí n tó kówó sílẹ̀, ọkọ mi ti ní tí mo bá tún gbé àkísà olówó ńlá wọlé, èmi àti àkísà la jọ máa sùn níta 😂

Bọ̀dáAláró:
Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe máa ń rí. Aró dúdú yẹn, irin ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó lè mú, irin ọ̀hún ló sì ń jẹ irun àgùntàn náà díẹ̀díẹ̀, tó bá pẹ́ búráùn á lọ sílẹ̀, pupa àti búlúù á ṣì dúró. Èmi gan-an mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pupa yẹn, gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n ń pè ní madder ni wọ́n ń sè, búlúù sì jẹ́ aró bíi tiwa náà, ewé tí wọ́n fi ń ṣe é ló yàtọ̀ sí ẹ̀lú táwọn ìyá aláró ń lò l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ kẹ́ ẹ wẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, iṣẹ́ ara ẹ̀ á hàn kedere lẹ́yìn, ẹ máa rí kókó ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní dọ́gba. Okùn wẹ́wẹ́ tó yọ lórí àti nídìí ẹ̀, inú rọ́ọ̀gì náà ló gbọ́dọ̀ ti jáde, tó bá jẹ́ pé wọ́n rán an mọ́ ọn ni, ẹ sá. Ẹ wá fìka la irun ẹ̀, tí ìdí ẹ̀ bá pupa fòò tí orí ẹ̀ sì ti ṣá pátápátá, á jẹ́ pé aró kẹ́míkà ni. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó rin nù ún, tí pupa bá bá a wá ẹ má rà á.

Lékan_Htown:
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ, àmọ́ èmi ò gba ọ̀rọ̀ ọgọ́rin ọdún yẹn wọlé o. Gbogbo oníṣòwò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo okùn tó gbé e ró, ti àtijọ́ irun àgùntàn ni wọ́n sábà ń lò, tó bá jẹ́ òwú funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àìpẹ́.

Ohun míì, èèyàn lè gbọ́ Baluchi kó rò pé Pakístàn ló ti wá, torí Balochistan tó wà níbẹ̀, rárá o, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, Khorasan ní Ìráànì àti ìwọ̀ oòrùn Afghánístàn lápá Herat ni wọ́n ti hun ún. Àwọn míì tó ń hun ún kì í tiẹ̀ ṣe Baluch, àwọn ẹ̀yà Timuri wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ló kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan. Àwọn obìnrin darandaran ló ń hun ún, ilẹ̀ ni wọ́n ń na òfì wọn sí tí wọ́n á kan èèkàn mọ́ ọn, tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣí lọ wọ́n á ká gbogbo ẹ̀ tiṣẹ́tiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí rọ́ọ̀gì wọn kì í fi í sábà tóbi. Wọ́n tún ń hun àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹranko lẹ́yìn, àpò iyọ̀, àti aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ jẹun. Tiyín yẹn, ó jọ pé ẹní ìkírun ni, ẹ wòkè ẹ̀ bóyá wọ́n hun àmì mihrab sí i, ìyẹn àwòrán ihò ara ògiri mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kọjú sí kírun.

Tẹ́ ẹ bá sì ń gbèrò àtigbé e wá sọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé ìjọba ibí tún fòfin de kíkó rọ́ọ̀gì Ìráànì wọlé ní oṣù kẹjọ 2018.

Ṣadé_Jẹ́jẹ́:
Ẹ dákun, ṣé lára wọn náà ni èyí tí wọ́n hun ìbọn AK àti hẹlikópítà sí? Mo rí ọ̀kan nílé ọ̀gá mi, àyà mi já.

Bọ̀dáAláró:
Àwọn Baluch náà wà lára àwọn tó ń hun ún, Ṣadé. Ìgbà táwọn ọmọ ogun Soviet ya wọ Afghánístàn ní 1979 ló bẹ̀rẹ̀, ohun tójú wọn ń rí ni wọ́n ń hun. Ìgbà tó yá táwọn àjèjì ń wá a kiri, ó wá di ọjà.

Àṣàkẹ́_SE15:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti padà lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ hàn kedere, áńkáṣíìfù mi funfun bó ṣe wà, okùn ẹ̀ sì jẹ́ irun àgùntàn. A ná an títí ó gba £110. Ṣé mo lè jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ báyìí?

Lékan_Htown:
Ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, omi gbígbóná àti bílíìshì náà ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ kàn gbọn eruku ẹ̀ dànù níta. Kó tó wọ pálọ̀ yín, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin kẹ́ ẹ kì í sí firísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹyin kòkòrò lè wà nínú ẹ̀. Ẹ yáa tètè máa jẹ ẹran inú ẹ̀ tán kí àyè lè yọ.