Ṣé ká kó lọ sí Gánà àbí ká dúró sí Ìjẹ̀bú-Òde? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè Ajé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn dáadáa torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí Accra, lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀, ó wá ní ká kó lọ pátápátá, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹja tútù ni mò ń tà, ọdún kẹsàn-án rèé, ká má parọ́ ọ̀rọ̀ iná ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọjọ́ mẹ́rin gbáko la ò rí iná, jẹnẹrétọ̀ mi náà yọnu, láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo ṣí fìríísà omi ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàn bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo tẹ Titus kan níkùn, ìka mi wọlé ṣinṣin. Páálí mẹ́fà. Mo ta méjì ní ìdajì owó, mo gbé ìyókù fún àwọn tó ń yan ẹja, wọ́n ní ó ti rọ̀ jù, ṣe ló ń fọ́ sórí ààrò. Mo jókòó sórí àpótí mo sunkún.

Ọkọ mi ní iná kì í lọ báyẹn ní Gánà. Ṣóòótọ́ ni? Ṣé mo lè máa ta ẹja mi níbẹ̀? Owó ilé ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbébẹ̀ rí, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an.

Ọmọ Ìpẹru
Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dá a padà. Mo gbé Madina l'Accra láti 2014 di 2021 kí n tó padà wálé. Ọkọ yín ò parọ́ nípa iná, tiwọn sàn ju tiwa lọ dáadáa. Wọ́n ní ìdídò Akosombo lórí odò Volta tó ti ń fún wọn níná láti bí 1965, wọ́n tún ń fi gáàsì ṣe iná, ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé lára gáàsì ọ̀hún, Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni páìpù ẹ̀ ti gbéra, ó gba abẹ́ òkun lọ bá wọn. Àmọ́ àwọn náà mọ òkùnkùn o. Dumsor ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pé ó kú, ó tún tàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ó le gan-an, ó wá rọlẹ̀ nígbà tó yá.

Ọ̀rọ̀ ọjà yín ló ń bà mí lẹ́rù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2013 fi títà nínú ọjà, kíkiri, ìsọ̀ onídìrí àti ti agẹrun sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Àlejò tó bá fẹ́ máa ra ọjà tà, mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ní kó kó sílẹ̀, kó sì gba ọmọ Gánà ogún síṣẹ́. Ta ló fẹ́ rí dọ́là yẹn nídìí ẹja? Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe ti ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n kan pa, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, páàtì fóònù ló ń tà, ó dúró síwájú ìsọ̀ náà láti àárọ̀ dalẹ́, ó kàn di kọ́kọ́rọ́ tí ò ṣílẹ̀kùn mọ́ mú sọ́wọ́.

Ilé ńkọ́? Òfin wọn láti 1963 sọ pé kí onílé má gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n owó ọdún méjì lẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí n tó wọ chamber and hall mi, ohun tí àwa ń pè ní yàrá àti pálọ̀. Ẹ bi ọkọ yín bóyá ibiṣẹ́ ló máa san ìyẹn.

Sísí Ìkẹ́nnẹ́
Èmi ò fara mọ́ ọn pátápátá o. Kì í ṣe ọjà nìkan là ń gbélé ayé fún. Ọdún méjì péré ni mo lò níbẹ̀, mo máa ń wọ trotro, ìyẹn dánfó tiwọn, láago mẹ́sàn-án alẹ́ láìbẹ̀rù, oorun tí mo sùn níbẹ̀, n ò tíì sùn ún rí láti ìgbà tí mo ti dé. Àmọ́ ẹ má rò pé nǹkan ò wọ́n wọn o. Lóṣù December 2022 owó ọjà wọn ti fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè láàárín ọdún kan, oṣù yẹn náà nìjọba wọn dá sísan púpọ̀ nínú gbèsè òkèèrè dúró. Tiwa náà rèé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, ẹ ò nílò físà, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ECOWAS fún wa, Sẹ̀mẹ̀ lẹ máa gbà, ẹ ó la Kútọnu àti Lomé kọjá. Ẹ ṣáà kówó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ẹ́ dání, wọ́n á da mọ́tò yín dúró títí ó fi máa sú yín.

Bàbá Ṣàgámù
Ọmọ mi, mo kí ẹ. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta aṣọ níbẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa náà wà níbẹ̀. Ní November 1969 ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àlejò tí ò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rántí bí ìyá mi ṣe fi ìró di orí máṣíìnì ìránṣọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí itan rẹ̀ nínú lọ́rì títí a fi dé Rẹ́mọ, nǹkan mìíràn tá a ní, ibẹ̀ ló wà. Ní 1983 àwa náà wá lé tiwọn, ibẹ̀ ni báàgì Ghana-must-go ti gborúkọ. N ò fi wọ́n ṣọ̀tá, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ yẹn, má gbé e fún ẹlòmíì. Fi àbúrò rẹ síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè Ajé
Ẹ ṣé o bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ọkọ mi lálẹ́ àná, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun ò mọ̀ nípa òfin ọjà yẹn rárá. A ti fẹnu kò pé òun á kọ́kọ́ lọ fún oṣù mẹ́fà, èmi àtàwọn ọmọ á lọ kí i nígbà họlidé. Ọmọ Ìpẹru, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ta fìríísà tó ń lo sólà, èyí tó lè gba páálí mẹ́jọ?