Eku ti gba àjà ilé wa ní Kàbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌYÁ TÍTÍ: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ni eku ti gba àjà lọ́wọ́ wa. Wọ́n lu àpò kajú, wọ́n jẹ wáyà fíríìjì, wọ́n sì sọ ìwé ilẹ̀ bàbá Títí di ìtẹ́. Mo fẹ́ po ọ̀tápíápíá mọ́ ẹja, kí n jù ú sí àjà. Bàbá Títí ní n ò gbọdọ̀ ṣe é, àmọ́ kò sọ èyí tí màá ṣe.

BÀBÁ BÍRÍKÌLÀ: Ọkọ yín ò parọ́. Eku tó bá jẹ ẹ́ á lọ kú síbi tọ́wọ́ ò tó, òórùn á sì lé yín jáde. Adìẹ tó bá ṣa òkú ẹ̀ jẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń sun eku jẹ ńkọ́? Ihò ni kí ẹ wá. Ihò tí bírò bá ti wọ̀, ọmọ èkúté á wọ̀ ọ́. Ẹ ki wáyà ìfọkòkò bọ̀ ọ́, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ibi tí páànù ti pàdé ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

ỌMỌ ÌSÁNLÚ: Ẹ wá ológbò jàre.

BÀBÁ BÍRÍKÌLÀ: Tèmi ń wò wọ́n níran ni.

ONÍNÁ Ẹ̀GBẸ̀: Ẹ yọ fíríìjì yẹn lára iná báyìí. Wáyà tó ti bó lè dáná sun ilé. Ẹ má wé téèpù mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ AYÉTÒRÒ: Ìwé ilẹ̀ àti wáyà lẹ ń sọ, kò sẹ́ni tó bèèrè ara àwọn ọmọ. Ṣé ibà ò ṣe ẹnikẹ́ni? Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó ibà Lassa ranni, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, lọ́dún 1969. Ó ń jà gan-an ní Edo àti Oǹdó tó bá wa pààlà, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń le jù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kan àjà yẹn, ẹ máa fa eruku ẹ̀ símú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ́n omi oníjíìkì sí i kó rin dáadáa, kí ẹ tó nù ún. Ibà náà lè yọjú láàárín ọjọ́ 2 sí 21, ó sì jọ ibà ẹ̀fọn: orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ó ń rẹni. Bí oògùn ibà ò bá ràn án, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sọ pé eku wà nílé. Ribavirin, oògùn tí wọ́n ń lò sí i, àtètèlò ló dáa. Àwọn kan yè é, àmọ́ etí wọn di. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

ÌYÁ TÍTÍ: Ara wọn le, a dúpẹ́. Gààrí tí wọ́n ti rìn nínú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé mo lè tún un dín?

NỌ́Ọ̀SÌ AYÉTÒRÒ: Ẹ dà á nù. Ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó tuntun sí, kì í ṣe àpò.

ÌYÁ TÍTÍ: Háà, gààrí ìsinsìnyí! Ó dáa. Bàbá Bíríkìlà, ìgbà wo lẹ lè wá?

BÀBÁ BÍRÍKÌLÀ: Lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ti ra sìmẹ́ǹtì sílẹ̀.