Ṣé ṣíbí lè di òǹkà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe iṣẹ́ yíya ohun àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ayé lè rí i, ní "ìsọdòǹkà". Ẹni tó mú un wá fi "ìsọdorúkọ" inú gírámà ṣe àwòkọ́ṣe. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà gún régé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

"Sọ di" kì í fi ohun tó bá sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilé tí iná sọ di eérú kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ṣíbí tí a yà kò di òǹkà. Àwòrán rẹ̀ ló di òǹkà. Kọ̀ǹpútà á gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́, á fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Ṣíbí fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ọdún tí wọ́n ti fi ń ha ìkòkò, àwòrán tí a yà láti òkè lè má fi hàn. Ìka tó bá fọwọ́ kàn án á mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ná àwọn kan ní nǹkan rí. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ya ìwé ìròyìn wọn sórí máíkírófíìmù, ìyẹn fíìmù tí àwòrán ojú ìwé ti kéré gan-an, wọ́n sì kó ojúlówó dànù, àfi bí ẹni pé ìwé ti di fíìmù. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ẹ̀dà olóǹkà" dípò "ìsọdòǹkà". Ẹni tó bá gbọ́ "ẹ̀dà" á béèrè ojúlówó.

"Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé", tí àbá náà pe àwọn ohun tí a ń yà, ńkọ́? Ó tóbi jù fún bọ́tìnì àti tíkẹ́ẹ̀tì. "Ohun ìlò àtijọ́" ti tó.

Ó ku "ṣíṣí sílẹ̀", tí àbá náà pe fífi wọ́n han gbogbo ayé. Nígbà tí Smithsonian, àjọ tó ni ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 àwòrán sílẹ̀ ní 2020, kì í ṣe wíwò nìkan ló fàyè gbà. Ó yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni lò wọ́n láìtọrọ àṣẹ. Ẹ jẹ́ á ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí èmi yóò ṣe kọ àkọsílẹ̀ ṣíbí náà rèé:

Ṣíbí onírin. Ojúlówó: nínú àpótí kejì. Ẹ̀dà olóǹkà: mẹ́rin, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. A ṣí i sílẹ̀ fún wíwò, a sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún lílò.